Ẹ San Owó Ọkọ̀ Mi: Lẹ́tà Ẹ̀sùn Lórí Àgbàdo Tí Wọ́n Kọ̀ ní Ìbàdàn

Gáréèjì Tírélà,
Ọ̀fà,
Ìpínlẹ̀ Kwara.
Ọjọ́ 14, Oṣù Ọ̀wàrà, 2025.

Ọ̀gá Àgbà,
Ilé-iṣẹ́ Aláàárín Ọkọ̀ Ẹrù,
Ìlọrin.

Alàgbà,

Ẹ̀SÙN LÓRÍ OWÓ ỌKỌ̀ TÍ Ẹ KÒ TÍÌ SAN: ÒMÙ-ÀRÁN SÍ ÌBÀDÀN, ỌJỌ́ 8 OṢÙ ỌWẸ́WẸ̀

Ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú àmójútó. Èmi ni mo ni tírélà aláwọ̀ ewé tó kó 300 àpò àgbàdo fún yín láti Òmù-Àrán lọ sí ilé-iṣẹ́ oúnjẹ adìẹ kan ní Ìbàdàn. Ó ti lé lóṣù kan báyìí. Mo ti pe fóònù yín títí ó fi sú mi, mo ti fi ohùn ránṣẹ́ sórí WhatsApp yín, mo sì ti wá sí ọ́fíìsì yín lẹ́ẹ̀mejì. Lẹ́ẹ̀kejì, wọ́n ní kí n jókòó lórí bẹ́ǹṣì lẹ́nu ọ̀nà. Ibẹ̀ ni mo wà tí wọ́n fi kírun Àsárì tán, kò sẹ́ni tó bi mí pé kí ni mo wá ṣe. Ìdí nìyẹn tí mo fi kọ ọ́ sínú ìwé.

Ọmọ Ọ̀fà ni mí. Gbogbo ayé ló mọ̀ pé ìjàkadì lorò Ọ̀fà, ṣùgbọ́n n ò wá bá ẹnikẹ́ni wọ̀yá ìjà. 548,000 náírà lẹ jẹ mí, òun ni mo wá gbà. Bí ẹnikẹ́ni lọ́dọ̀ yín bá sì ń sọ pé onímọ́tò kì í ṣe oníbàárà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bi í pé ta ló ń san kọ̀míṣọ̀n fún yín.

Ọ̀rọ̀ kọ̀míṣọ̀n náà ni kí n ti bẹ̀rẹ̀. 520,000 náírà la jọ fẹnu kò sí fún ẹrù 30 tọ́ọ̀nù. Ẹ ní ẹ óò san ìdá ọgọ́ta nínú ọgọ́rùn-ún sílẹ̀, ìyẹn 312,000, ìyókù di ìgbà tí ẹrù bá dé. Ẹ yọ ìdá mẹ́wàá tiyín, 52,000, nínú owó àsansílẹ̀ yẹn, ẹ wá fi 260,000 ránṣẹ́ sí mi. Tiyín ti wọ àpò kí táyà mi tó yí lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. N ò bínú sí i, bí iṣẹ́ yín ṣe rí nìyẹn. Mo gba 260,000, mo fi 147,000 ra dísù 140 lítà ní 1,050 náírà lítà kan, mo sì gba Àjàṣẹ́-Ìpo lọ sí Òmù-Àrán ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé.

Ìdí àgbàdo náà ni ọ̀rọ̀ wà. Àgbàdo tuntun ni, tí wọ́n ká nígbà tí òjò ò jẹ́ kí oòrùn ràn dáadáa. Ajẹ́ńtì yín mú mítà kékeré tí wọ́n fi ń wọn omi inú hóró jáde lápò, ó tẹ̀ ẹ́, kò tan. Ó fi gbá àtẹ́lẹwọ́, ó tún un tẹ̀, ó yọ bátìrì rẹ̀, ó fi nu ṣòkòtò, ó dá a padà. Pàbó. Ló bá rọra tì í padà sápò, ó ní kí àwọn aláàárù máa rù ú. Èmi ò ní mítà, ṣùgbọ́n mo ní eyín. Mo mú hóró kan nínú àpò tó ya létí, mo fi eyín ẹ̀yìn họ ọ́. Àgbàdo tó gbẹ a máa dún kọ́ lẹ́nu èèyàn. Eléyìí ò dún rárá, ńṣe ló tẹ̀ lábẹ́ eyín bí ẹ̀gbo tó kù díẹ̀ kó jinná.

Mo ní, “Àbúrò, àgbàdo yìí ò tíì gbẹ o. Wọn ò ní gbà á ní Ìbàdàn.”

Ó ní, “Bàbá, ẹ̀yin ẹ ṣáà wa ọkọ̀ yín.”

Àwọn àgbà ní igi ganganran má gùn mí lójú, òkèèrè la ti ń wò ó. Mo kúrò níbi tí àwọn aláàárù wà, mo fi ohùn ránṣẹ́ sí nọ́ńbà yín ní aago mẹ́rin kọjá ìṣẹ́jú méjìlá ìrọ̀lẹ́. Mo sọ pé àgbàdo tútù, pé bátìrì mítà ajẹ́ńtì ti kú, pé kí ẹ sọ ohun tí mo máa ṣe. Èsì tó wọlé lẹ́yìn wákàtí kan ni: “A ti rí i, sà. Ẹ máa lọ.” Ó ṣì wà lórí fóònù mi, n ò ní pa á rẹ́.

Òjò pàdé wa ní Ògbómọ̀ṣọ́. Mo ń sọ èyí torí pé ọ̀kan nínú àwọn ọmọ ọ́fíìsì yín ti ń sọ káàkiri pé èmi ni mo jẹ́ kí òjò wọ ẹrù. Tapólì méjì ni mo tẹ́ lé e, ọ̀kan lórí èkejì, ọmọ ọkọ̀ mi sì so okùn rẹ̀ mọ́ abẹ́ pákó débi pé a ní láti fi irin tú u ní Ìbàdàn. Ẹni tó yẹ ẹrù wò lẹ́nu géètì kọ ọ́ sínú ìwé tirẹ̀ pé ara àpò gbẹ. Ẹ wá ìwé náà, ẹ óò rí i níbẹ̀.

A dé láàárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Ọjọ́rú ló kàn wá. Ọmọkùnrin kan gorí ọkọ̀ pẹ̀lú irin gígùn onihò, ó ń fi gún àpò níhìn-ín lọ́hùn-ún, ó ń da hóró tó bá jáde sínú ike. Ìgbà àkọ́kọ́, mítà wọn pe 17.4. Ìgbà kejì, 16.9. Nígbà tó gún ti ìsàlẹ̀ pátápátá, ó pe 18.1. Ó wò mí, ó mi orí. Mẹ́tàlá nínú ọgọ́rùn-ún ni omi inú hóró tí wọn ò ní gbà kọjá, wọ́n kọ ọ́ sára ògiri géètì wọn, gàdàgbà. Nígbà tí wọ́n tú àpò kan, mo ki ọwọ́ bọ inú rẹ̀. Inú àpò yẹn móoru bí abẹ́ adìẹ tó ń sàba. Ẹni tó ti ń kó ọkà látọjọ́ yìí mọ ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí. Àgbàdo tó bá ti ń móoru nínú àpò kò ní pẹ́ tí ebu á fi bò ó, inú irú ebu bẹ́ẹ̀ sì ni májèlé tí wọ́n ń pè ní aflatoxin ti lè jáde, tó sì lè pa adìẹ. N ò bá ilé-iṣẹ́ náà wí. Ká ní èmi ni mo ni wọ́n, n ò ní gbà á.

Wọ́n lu òǹtẹ̀ pupa lé wébíìlì, ìwé tó ń bá ẹrù rìn, wọ́n ní ká yí ọkọ̀ padà. Mo pè yín. Ẹ ní ká dúró, pé ẹ ń bá wọn sọ̀rọ̀. Ọjọ́rú lọ, Ọjọ́bọ̀ lọ, Ẹtì lọ. Abẹ́ ọkọ̀ la sùn, ẹ̀fọn Ìbàdàn sì fi ara ọmọ ọkọ̀ mi ṣe ìnáwó. Nínú ìwé àdéhùn tiyín gan-an, wákàtí 48 ni ọkọ̀ fi ń dúró lọ́fẹ̀ẹ́, lẹ́yìn ìyẹn 40,000 lójúmọ́. Ọjọ́ méjì gbáko ni mo fi lé e.

Alẹ́ ọjọ́ Ẹtì lẹ tó pè, ẹ ní kí n gbé ẹrù padà sí Òmù-Àrán, ẹ óò san ààbọ̀ owó ọkọ̀. Mo ní kí ẹ kọ ọ́. Ẹ kọ ọ́ sórí WhatsApp: “Ẹ gbé e padà, a máa san ààbọ̀.” Kò sówó dísù lọ́wọ́ mi mọ́, mo pe akápò ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù wa ní Ọ̀fà lóru, ó yá mi ní 147,000. Mò ń san èlé rẹ̀ títí dòní. A gbéra láàárọ̀ ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ Àìkú la sọ ẹrù kalẹ̀ lọ́wọ́ Alhaja tó ni ín, òun àti àwọn ọmọ rẹ̀ sì sá a sórí kọnkéré lójú wa.

Láti ìgbà náà, ẹnu mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ lẹ ti fi dá mi lóhùn.

Àkọ́kọ́, ẹ ní wébíìlì ò ní ìbuwọ́lùwé ẹni tó gba ẹrù, nítorí náà ẹrù ò dé. Ọ̀rọ̀ burúkú tòun tẹ̀rín. Ta ni wọ́n wá lu òǹtẹ̀ pupa fún? Bóyá òjìji tírélà mi ló lọ Ìbàdàn.

Ìkejì, ẹ ní mo ti fọwọ́ sí i lórí fóònù pé bí wọ́n bá kọ ẹrù “nítorí ohunkóhun”, kò sí bàláǹsì. Ọmọ mi obìnrin tó wà ní Poly ló bá mi ká a. Ó wà níbẹ̀ lóòótọ́, lédè Gẹ̀ẹ́sì, nísàlẹ̀ pátápátá, bí ẹsẹ̀ èèrà. Ilé epo ni mo wà lọ́jọ́ tí ajẹ́ńtì yín ní kí n tètè tẹ ibì kan kí ẹrù má bàa bọ́, mo tẹ̀ ẹ́. Ṣùgbọ́n òfin àpapọ̀ tó ń dáàbò bo oníbàárà, èyí tí wọ́n ń pè ní ti ọdún 2018, kò fàyè gba àdéhùn tó bá ń rẹ́ oníbàárà jẹ, ó sì ní kí wọ́n fi irú gbólóhùn tó le bẹ́ẹ̀ hàn án kedere kó tó fọwọ́ sí i. Gbígbé ni iṣẹ́ mi. Èmi kọ́ ni mo gbin àgbàdo, èmi kọ́ ni mo sá a, ẹ̀yin lẹ rán ẹni tó fẹ́ wọ̀n ọ́n. Báwo ni omi inú hóró ṣe wá di ẹrù ọrùn mi?

Ìkẹta ló dùn mí jù. Ẹ ní ẹlẹ́rù ò tíì san kọ́bọ̀ fún yín lórí àpadàbọ̀, pé kí n ní sùúrù. Mo gbà yín gbọ́. Ọ̀sẹ̀ méjì ni mo fi ní sùúrù. Lọ́jọ́ kan mo yà kí Alhaja ní Òmù-Àrán, mo ń ṣàlàyé fún un pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ pé ó ń dí mi lọ́wọ́. Obìnrin náà ò tiẹ̀ bínú. Ó na fóònù sí mi. Aláàtì báńkì rẹ̀ ni: 350,000 náírà, sí àkáǹtì yín, ọjọ́ 12 oṣù Ọwẹ́wẹ̀, kí n tó kúrò ní Ìbàdàn rárá. Ojú tì mí níwájú rẹ̀, bẹ́ẹ̀ èmi kọ́ ló yẹ kójú tì.

Àbúrò ìyàwó mi ń wa ọkọ̀ ẹrù ní Amẹ́ríkà. Mo ro ẹjọ́ yìí fún un. Ó ní lọ́hùn-ún, aláàárín gbọ́dọ̀ ní owó onídùúró 75,000 dọ́là nílẹ̀ kó tó lè ṣiṣẹ́, kí onímọ́tò tí wọ́n jẹ lówó lè rí ibi dì mú. Ó ní òfin tún fún onímọ́tò láyè láti yẹ àkọsílẹ̀ aláàárín wò, kó rí iye tí ẹlẹ́rù san. Pẹ̀lú gbogbo ẹ̀ náà, ó ní ojoojúmọ́ ni wọ́n ń jà sí i, torí àwọn aláàárín kan a máa kọ ọ́ sínú àdéhùn pé onímọ́tò ti yọwọ́ nínú ẹ̀tọ́ yẹn. Níbí, kí ni mo rí dì mú? Ẹnu yín nìkan. Nítorí náà mo fẹ́ kí ẹ fi àkọsílẹ̀ ẹrù yìí hàn mí, gbogbo ohun tí Alhaja san, àlọ àti àbọ̀.

Owó mi nìyí: bàláǹsì àlọ 208,000, ààbọ̀ owó ọkọ̀ tí ẹ ṣèlérí fún àbọ̀, 260,000, ìdúró ọjọ́ méjì, 80,000. N ò ka oúnjẹ, n ò ka oògùn ibà ọmọ ọkọ̀, n ò sì ka èlé alájẹṣẹ́kù.

Ohun kan kù tó yẹ kí ẹ gbọ́. Nígbà tí oòrùn ràn, tí àgbàdo gbẹ, Alhaja pè mí, kò pè yín. Ẹ mọ ohun tí wọ́n ń sọ, pé bí ìyàwó bá mojú ọkọ tán, alárenà a yẹ̀ba. Ní ọjọ́ 4 oṣù yìí, mo kó o lọ sí ilé-iṣẹ́ kan náà. Tírélà kan náà, tapólì kan náà, ọmọkùnrin onírin gígùn kan náà. Mítà rẹ̀ pe 12.6, ó rẹ́rìn-ín, ó ní, “Bàbá, ẹ tún ti dé.” Wọ́n sọ ẹrù kí wọ́n tó pe ìrun Àílà. Alhaja ti san owó ọkọ̀ mi tán kí n tó dé Ọ̀yọ́.

Mo fún yín ní ọjọ́ 14. Bí ó bá kọjá bẹ́ẹ̀, n óò kó ẹ̀dà wébíìlì olóǹtẹ̀ pupa, ọ̀rọ̀ WhatsApp yín àti ẹ̀dà aláàtì Alhaja lọ fún àjọ FCCPC tó ń dáàbò bo oníbàárà, lóyà mi yóò sì gba ọ̀nà kóòtù. Wébíìlì náà gan-an ò ní kúrò lọ́wọ́ mi. Bí ẹ bá fẹ́ wò ó, ẹ wá sí Ọ̀fà, n óò fún yín ní àga tó ní ẹ̀yìn.

Nọ́ńbà àkáǹtì mi ò yí padà. Òun náà lẹ fi san 260,000 àkọ́kọ́.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,

Bàbá Ìbejì,
onítírélà, Ọ̀fà.