Àkànní, bá mi fọwọ́ kan gìtá yẹn kí n tó sanwó

Àkànní ọ̀rẹ́ mi,

Báwo ni o, ṣé àlàáfíà lo wà? Ìyàwó ńkọ́, àwọn ọmọ ńkọ́, iṣẹ́ ńkọ́? A dúpẹ́ níbí, òjò ti ń rọ̀ gan-an l'Ákùúrẹ́, ọ̀nà Ọjà Ọba ò ṣeé rìn tó bá ti ṣú báyìí. Ọ̀rọ̀ gìtá tí mo fẹ́ kó o bá mi dán wò lọ́hùn-ún kí n tó rà á, èyí tá a bẹ̀rẹ̀ lórí WhatsApp, ni mo ní kí n jókòó kọ dáadáa sí ẹ, torí ó ti kọjá ohun téèyàn ń sọ sínú voice note. Owó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pé. O sì mọ̀ pé àwọn gìtá boutique yìí, tí iléeṣẹ́ kéékèèké ń fara balẹ̀ ṣe níwọ̀nba, ó máa ń lé ní dọ́là 3,000, mi ò lè torí fọ́tò nìkan kówó bẹ́ẹ̀ sílẹ̀.

Gbogbo ẹni tí mo bá ti bi, igi iwájú ẹ̀ ni wọ́n á kọ́kọ́ sọ, flame maple, quilt, ìyẹn igi maple tó ní ìlà bí ọwọ́ iná tàbí bí ìgbì omi, àwọ̀ tó ń dán gbinrin. Ó rẹwà lóòótọ́. Àmọ́ tá a bá lọ ṣeré òde l'Ọ́wọ̀ tàbí n'Ídànrè, ọrùn gìtá lọwọ́ mi máa wà tílẹ̀ á fi mọ́, ọrùn yẹn ni mo fẹ́ fowó mi rà. Ìwọ náà mọ ojú ọjọ́ wa, lásìkò òjò gbogbo nǹkan á rin, tí ọyẹ́ bá wá dé igi á gbẹ á sún kì, etí fret, àwọn irin tẹ́ẹ́rẹ́ tó dábùú ọrùn gìtá, á yọ síta á máa ha èèyàn lọ́wọ́. Ìdí tí mo fi ń lé roasted maple nìyẹn, wọ́n ti yan igi yẹn nínú ààrò tí oxygen ò ti pọ̀, omi inú ẹ̀ ti lọ, kì í tètè wú kì í tètè fà bíi ti tútù. Kí fret ẹ̀ sì jẹ́ stainless steel o! Fret lásán, waya á jẹ ẹ́ wọlé, mi ò sì mọ ẹnì kankan nítòsí tí mo lè gbé e fún kó bá mi pààrọ̀ ẹ̀ bó ṣe yẹ, kì í ṣe iṣẹ́ káfíńtà.

Ohùn ẹ̀ wá ńkọ́. Wo ẹgbẹ́ Sunny Ade, ọmọ Oǹdó tiwa, gìtá mélòó kan ló ń dún pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, kò séyìí tó ń bo ìkejì mọ́lẹ̀, gángan sì ń sọ tiẹ̀ láàárín wọn. Gìtá tóhùn ẹ̀ bá ki jù ò lè ráyè níbẹ̀, single coil tó ń dún ketekete ló yẹ ẹ́, ìyẹn pickup (ohun tó ń gbọ́ ìró waya gìtá) tó ní coil kan ṣoṣo, okùn bàbà tí wọ́n wé. Wàhálà ẹ̀ ni pé gbogbo ariwo iná àti ti jẹnẹrétọ̀ ló ń gbà wọlé, á máa kùn hùn-ùn nínú áńpù títí. Seth Lover ti iléeṣẹ́ gìtá Gibson yanjú ìyẹn láti 1955 pẹ̀lú humbucker, coil méjì tí wọ́n yí lódìkejì ara wọn kí ariwo lè pa ara ẹ̀, àmọ́ ohùn yẹn nípọn ju ohun tí mò ń wá lọ. Èyí tó wọ̀ mí lọ́kàn ni SSCII, ohun tó ń pa ariwo, tí iléeṣẹ́ Suhr máa ń fi sínú àwọn kan lára gìtá wọn: coil kan wà lọ́tọ̀ tí kò gbọ́ waya rárá, ariwo nìkan ló ń gbọ́, á sì fi pa ariwo tó wà nínú pickup, single coil á ṣì máa dún bíi single coil. John Suhr yìí ti ṣiṣẹ́ ní Fender Custom Shop, níbi tí Fender ti ń ṣe gìtá àkànṣe, kó tó dá tiẹ̀ sílẹ̀ ní 1997, ó ti yé e.

Mi ò fẹ́ tremolo o, irin tí wọ́n fi ń mi ohùn waya. Tí waya kan bá já lórí èyí tó léfòó, gbogbo ìyókù ló ń jáde kúrò nínú key, láàárín ìgbà táwọn èèyàn ń náwó fún wa lójú agbo!

Mo mọ̀ pé iléeṣẹ́ gìtá Collings wà l'Austin lọ́dọ̀ yín níbẹ̀, o sì ti ń yìn ín fún mi tipẹ́. Iṣẹ́ wọn mọ́, kò sẹ́ni tó lè jiyàn ẹ̀. Ọ̀dà nitro tí wọ́n fi ń kùn ún ló ń bà mí lẹ́rù, ó fẹ́lẹ́, téèyàn bá gbé e kúrò nínú mọ́tò tí AC wà bọ́ sínú oòrùn ọ̀sán, ó lè là. Ṣá gbé e dán wò fún mi, bóyá ọwọ́ ẹ á sọ ohun míì.

Tó o bá dé ṣọ́ọ̀bù, má tíì fi sí áńpù. Ta á lásán, kó o gbọ́ bóyá igi yẹn ń dáhùn. Ní kí wọ́n gbé e sórí òṣùwọ̀n, kó má ju kílò 3.4 lọ, èjìká mi ni yóò gbé e mọ́jú. Kí gígùn waya tó ń dún jẹ́ íǹṣì 25.5 bíi ti Fender, ti Gibson tó jẹ́ 24.75 yẹn, waya ẹ̀ máa ń rọ̀ jù fún mi. Àti pé ọwọ́ tìẹ tóbi ju tèmi lọ, nítorí náà má sọ fún mi pé ọrùn ẹ̀ dáa, bá mi wọn bó ṣe nípọn tó ní fret àkọ́kọ́ àti ní ìkejìlá, èmi á fi wé èyí tó wà lọ́wọ́ mi níbí. Bó bá jẹ́ dúdú lásán tí kò ní flame kankan, mo fara mọ́ ọn.

Má sanwó o, pè mí láti inú ṣọ́ọ̀bù yẹn kó o ta á sí mi létí. Tó bá jẹ́ òun ni, owó á wọlé sí ẹ lọ́wọ́ lọ́jọ́ yẹn gan-an.

Màmá ní kí n kí ẹ, wọ́n ní ṣé o ṣì ń jẹun dáadáa. Bá mi kí ìyá àwọn ọmọ.

Èmi ni,
Àjàní