Ọ̀rọ̀ màmá Biruté àti ọ̀pẹ tiwa

Olóòtú wa, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ fún mi láyè díẹ̀ kí n sọ̀rọ̀ màmá kan, Biruté Galdikas, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì tó ṣèwádìí nípa orangutan, ìyẹn ìnàkí ńlá onírun pupa. 1971 ló wọ igbó Tanjung Puting ní erékùṣù Borneo, lórílẹ̀-èdè Indonesia, òun àtọkọ ẹ̀ ìgbà yẹn, wọ́n ń rìn nínú omi irà, eṣúṣú ń fà wọ́n lẹ́jẹ̀, torí kí wọ́n ṣáà lè rí orangutan lókè igi. Ẹranko yẹn kì í sì í kó ara wọn jọ bí ọ̀bọ tiwa, á kàn máa dá rìn ni.

Abiyamọ wọn lè lo bí ọdún méje sí mẹ́jọ kó tó bí òmíì, torí náà tí wọ́n bá pa ìyá kan kí wọ́n lè jí ọmọ ẹ̀ tà, ìgbà wo lẹ fẹ́ rí èyí táá dípò ẹ̀? Irú ọmọ òrukàn bẹ́ẹ̀ ni màmá yìí ń gbà tọ́, òmíì á dì mọ́ ọn lára débi pé kò ní jẹ́ kó bọ́ aṣọ!

Èyí tó dùn mí jù ni ti ọ̀pẹ. Ilẹ̀ Áfíríkà níbí lọ̀pẹ ti wá, àwọn Dutch gbìn ín sí Bogor ní Indonesia lọ́dún 1848, òun náà ni wọ́n wá ń tìtorí ẹ̀ gé igbó àwọn orangutan lulẹ̀ báyìí. Mi ò ní ká má jẹ epo o, ta ló fẹ́ jẹ ẹ̀wà funfun? Àmọ́ ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé ìtàn màmá yìí jáde ní Sátidé kan, kẹ́ ẹ fi fọ́tò sí i fáwọn ọmọ wa.

Òǹkàwé yín,
Ìbàdàn