Lẹ́tà sí mẹkáníìkì tó tú ẹ́ńjìnì yìí ṣáájú mi

Ọ̀gá mi,

Ẹ kú iṣẹ́ o. Mi ò mọ̀ yín, ẹ ò sì mọ̀ mí, ṣùgbọ́n ọwọ́ wa ti pàdé nínú ẹ́ńjìnì kan náà: Yamaha 40, ẹ́ńjìnì ọkọ̀ ojú omi tí ìyá oníṣòwò kan fi ń kó gàrí àti omi mímu láti Ìgbókòdá lọ sí Ayétòrò. Ìyá yẹn ní oṣù márùn-ún sẹ́yìn lẹ bá òun pààrọ̀ bẹ́árìn kíráńkì, èyí tó wà nísàlẹ̀: òrùka irin méjì tí bọ́ọ̀lù ń yí láàárín wọn, tó gbé kíráńkì, ọ̀pá tí písítìn ń yí, dúró. Ó tún ti bẹ̀rẹ̀ sí í kùn. Ọ̀sẹ̀ tó kọjá ló há pátápátá láàárín omi. Àjẹ̀ ni wọ́n fi wa ọkọ̀ dé èbúté, pẹ̀lú èrò méje àti ọmọ ọwọ́ kan.

Nígbà tí wọ́n gbé e dé ọ̀dọ̀ mi, ó ti tutù. Mo fọwọ́ yí fúláìwíìlì, wíìlì wíwúwo tó wà lórí kíráńkì, ó yí, ṣùgbọ́n ńṣe ló ń dún bí ẹni ń lọ ata tí iyanrìn wà nínú rẹ̀. Mo ti mọ ohun tí màá bá níbẹ̀ kí n tó mú sípánà.

Ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́: ẹ mọṣẹ́. Gọ́ọ̀mù tẹ́ ẹ fi lẹ kẹ́sì méjèèjì tó bo kíráńkì pọ̀ fẹ́lẹ́, kò sí èyí tó ya wọnú. Nọ́ńbà bẹ́árìn náà bá a mu, C3 sì wà lára rẹ̀, èyí tó fi hàn pé àyè inú rẹ̀ fẹ̀ ju ti lásán lọ, kí bọ́ọ̀lù má bàa há bí ẹ́ńjìnì bá gbóná. Ọ̀pọ̀ ló ń ra èyí tí kò ní C3 nítorí pé kò wọ́n. Ẹ̀yin ò ṣe bẹ́ẹ̀. Ohun tó dùn mí jù nìyẹn.

Mo fi epo bẹntiróòlù fọ bẹ́árìn yín, mo gbé e síbi tí oòrùn ti ń ràn. Nínú ojú ọ̀nà tí bọ́ọ̀lù ń gbà yí, mo rí àwọn ojú kéékèèké tó tẹ̀ wọnú, tó ń dán, tí àyè àárín wọn bá àyè àárín bọ́ọ̀lù sí bọ́ọ̀lù mu gẹ́lẹ́. Òòlù ló ṣe é, ọ̀gá mi. Òrùka inú ló ń di kíráńkì mú, òrùka òde lẹ sì ń gbá. Gbogbo agbára òòlù wá gba ara bọ́ọ̀lù kọjá. Bẹ́árìn yẹn ti gbọgbẹ́ kó tó kan omi rárá.

Ṣùgbọ́n omi ló pa á. Síìlì tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀, rọ́bà tó ń dí ẹnu ọ̀nà kí omi má bàa wọlé, kì í ṣe tuntun. Ẹnu rẹ̀ ti le bí awọ gbígbẹ, ó sì ti là níbì kan. Ẹ́ńjìnì wa yìí, inú kẹ́sì kíráńkì ni epo àti ọ́ìlì ń gbà kó tó dé orí písítìn, ọ́ìlì yẹn náà sì ni bẹ́árìn ń mu. Bí písítìn bá ti gòkè, inú kẹ́sì á fà. Bí síìlì bá dára, àdàlú epo ló máa fà. Bó bá ti là, á fa omi mọ́ ọn, omi oníyọ̀ sì ni omi apá Ayétòrò. Bọ́ọ̀lù mẹ́ta ti pọ́n fún ìpẹtà. Kì í ṣe ọ́ìlì ni wọn ò pò dáadáa: ìyá náà ń da ìlàjì lítà sí kẹ́ẹ̀gì lítà 25, mo bi í léèrè, mo sì wo kẹ́ẹ̀gì náà.

Bóyá ó ní owó bẹ́árìn nìkan lòun ní. Mo mọ bí wọ́n ṣe ń bẹ̀bẹ̀. Ẹ bá sọ fún un pé iṣẹ́ náà kò tíì parí láìsí síìlì. Owó rẹ̀ kò súnmọ́ ti bẹ́árìn. Òkun ti gbé ọ̀pọ̀ ilé lọ ní Ayétòrò, ọkọ̀ yẹn sì ni àwọn kan ń wò kí wọ́n tó rí omi tó ṣeé mu.

Èmi wá gbé ìkòkò ọ́ìlì kaná lórí sítóòfù, mo fi wáyà so bẹ́árìn tuntun kọ́ sínú rẹ̀ kó má bàa kan ìdí ìkòkò. Mo sì wé kíráńkì nínú ọ̀rá, mo gbé e sínú kúlà yìnyín tí mo yá lọ́wọ́ ẹlẹ́ja. Nígbà tí mo fa bẹ́árìn sókè, ẹ̀kán omi kan tí mo wọ́n sí i gbẹ lójú ẹsẹ̀. Ó tó, bó bá gbóná ju 120°C lọ, irin rẹ̀ á rọ̀. Mo nu kíráńkì gbẹ, mo fi í sí i. Ó wọlé kò! Òòlù wà nílẹ̀ níbi tó wà. Mo fi gíríìsì pa ẹnu síìlì tuntun méjèèjì, tòkè àti tìsàlẹ̀, kí n tó dé kẹ́sì.

Bẹ́árìn yín ṣì wà lọ́wọ́ mi, nínú agolo mílíìkì lórí pẹpẹ irinṣẹ́. Àwọn ọmọṣẹ́ mi méjèèjì ti fi ìka wá àwọn ojú wọ̀nyẹn títí wọ́n fi rí wọn. Bí ẹ bá gba etí omi Ìgbókòdá kọjá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ yà, kẹ́ ẹ fọwọ́ kàn án fúnra yín.

Èmi ni,
akẹgbẹ́ yín létí omi.