Ẹ Má Ṣe Yọ Iyèméjì Kúrò Nínú Ìròyìn Sáyẹ́ǹsì

Sí Olóòtú,

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fún mi láàyè láti sọ̀rọ̀ lórí bí a ṣe ń kọ ìròyìn ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì fún gbogbo ènìyàn. Èyí tí ó ti fìdí múlẹ̀ nìkan ni a sábà máa ń gbé jáde. Òótọ́ ni, àmọ́ ẹni tí ó kà á yóò kàn mi orí, yóò sì ṣí ojú ìwé mìíràn. Èyí tí ẹnu àwọn onímọ̀ kò tíì kò lé lórí ni ó ń gba oorun lójú ẹni.

Ẹ wo Urbain Le Verrier, onímọ̀ ìràwọ̀ ará Faransé. Nígbà tí pílánẹ́ẹ̀tì Uranus ń yẹ̀ kúrò lójú ọ̀nà tí ìṣirò là sílẹ̀ fún un, ó ní pílánẹ́ẹ̀tì mìíràn tí a kò tíì rí ni ó ń fà á, ó sì sọ ibi tí ó yẹ kí wọ́n wò. Wọ́n wò ó lọ́dún 1846, wọ́n bá Neptune. Lọ́dún 1859, ó ṣàlàyé pé Mercury náà ń yẹ̀ díẹ̀, ó sì tún ronú bákan náà: ohun kan gbọ́dọ̀ wà nítòsí oòrùn. Wọ́n sọ ọ́ ní Vulcan, àwọn kan tilẹ̀ búra pé àwọn rí i. Kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Ọdún 1915 ni Einstein fi hàn pé òfin agbára òòfà tí Newton fi lélẹ̀ gan-an ni ó yẹ kí a tún ṣe. Le Verrier kan náà ni, èrò kan náà ni, ó sì bọ́ sí i lẹ́ẹ̀kan, ó tàsé lẹ́ẹ̀kejì. Ìwé tí ó bá sọ fún wa pé wọ́n rí Neptune lọ́dún 1846, tí ó sì dákẹ́ síbẹ̀, ti yọ adùn inú ìtàn náà dànù.

Àwọn kan yóò ní iyèméjì ni yóò ṣílẹ̀kùn fún àhesọ. N kò gbà. Àbá gidi a máa sọ ohun tí yóò bì í ṣubú: bí Vulcan bá wà, ó yẹ kí a rí i nígbà tí ó bá ń kọjá níwájú oòrùn. Àhesọ kì í dá irú ẹ̀jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ẹni tí ó sì ń pariwo pé ayé tẹ́ pẹrẹsẹ kì í ṣe oníyèméjì rárá. Ó ti pinnu tipẹ́.

Ẹ̀bẹ̀ mi ni pé kí ẹ ya àyè sọ́tọ̀ fún àríyànjiyàn tí ó ṣì ń lọ, kí ẹ kọ ohun tí ìhà kọ̀ọ̀kan dì mú, àti ohun tí yóò parí ìjà wọn. Ẹ lè fi àwọn agbo ìràwọ̀ ńlá tí wọ́n ń pè ní galaxy bẹ̀rẹ̀. Láti àwọn ọdún 1970, tí Vera Rubin àti Kent Ford, àwọn onímọ̀ ìràwọ̀ ní Amẹ́ríkà, ti wọn eré tí ìràwọ̀ ń sá nínú wọn, ni ó ti hàn pé eré àwọn tí ó wà létí pọ̀ ju èyí tí òòfà àwọn ohun tí a fojú rí lè ṣàlàyé lọ. Ọ̀pọ̀ onímọ̀ ní ohun tí a kò rí ni ó ń fà wọ́n. Àwọn díẹ̀ ní òfin òòfà ni ó tún fẹ́ àtúnṣe. Ṣé Neptune ni a tún fẹ́ bá ni, àbí Vulcan?

Èmi ni,
Òǹkàwé yín.