Ẹ Má Pààrọ̀ Púlọ́ọ̀gì Kí Ẹ Fi Wáyà Rẹ̀ Sílẹ̀

Sí Olóòtú,

Mo kí yín, mo sì kí gbogbo àwọn tí ẹ jọ ń ṣiṣẹ́ ìwé ìròyìn yìí. Ohun tó mú mi kọ lẹ́tà yìí ni ìmọ̀ràn kan tí mo máa ń rí kà lójú ìwé tí ẹ yà sọ́tọ̀ fún àwọn ọlọ́kọ̀, pé bí ọkọ̀ bá ń jẹ epo ju bó ṣe yẹ lọ tàbí tó bá ń já lójú ọ̀nà, kí ẹni tó ni ín lọ pààrọ̀ púlọ́ọ̀gì, ìyẹn ohun tó ń ta iná sí epo nínú ẹ́ńjìnnì. Ìmọ̀ràn náà dára, n kò bá a jà. Àmọ́ ó kù síbì kan, ibi tó kù sí yẹn ló sì ná mi lówó, tó gba àkókò lọ́wọ́ mi, tó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ mú kí n ta ọkọ̀ tí kò ṣe nǹkan kan. Ẹnikẹ́ni tó bá ń wa ọkọ̀ àtijọ́, irú èyí tó ṣì ń lo dísítíríbútọ̀ tó ń pín iná àti wáyà gígùn tó lọ bá púlọ́ọ̀gì kọ̀ọ̀kan, kò gbọ́dọ̀ ka púlọ́ọ̀gì sí ohun tó dá dúró. Iṣẹ́ kan náà ni òun àti wáyà jọ ń ṣe, bí wáyà bá sì ti gbó, kò sí púlọ́ọ̀gì tuntun tó lè gbà á sílẹ̀.

Ọkọ̀ tèmi kì í ṣe ọmọdé. Ẹ́ńjìnnì onísílíńdà mẹ́rin ló ní, kábúrétọ̀ ló ń fi fa epo, kò sì sí kọ̀ǹpútà kankan nínú rẹ̀ tí yóò tan iná pupa sí mi lójú pé nǹkan ti bàjẹ́. Díẹ̀díẹ̀ ni àìsàn rẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Bí ojú ọjọ́ bá gbẹ, tí ọ̀nà sì tẹ́jú, kò sí ohun tó ń ṣe é. Ṣùgbọ́n bí òjò bá ti rọ̀ mọ́jú, tàbí tí mo bá fẹ́ fi gun òkè, ẹ́ńjìnnì á bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, á máa já mọ́ mi lẹ́sẹ̀, ohùn rẹ̀ á sì yí padà bí ohùn ẹni tí òtútù mú. Àwọn mẹkáníìkì a máa ní ó ń “mísì”. Ẹni tí mo gbé e lọ bá pààrọ̀ púlọ́ọ̀gì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ara ọkọ̀ yá. Kò pé oṣù méjì tó tún bẹ̀rẹ̀. Ó tú kábúrétọ̀, ó fọ̀ ọ́. Ó pààrọ̀ pọ́ǹpù epo. Nígbà tí ìyẹn kò ran nǹkan kan, ó tún padà sórí púlọ́ọ̀gì, ara ọkọ̀ sì tún yá fún ìgbà díẹ̀. Yíyá tó ń yá yẹn gan-an ló tàn wá jẹ. Èmi àti òun gbà pé ayédèrú púlọ́ọ̀gì ni wọ́n ń tà fún wa, a kò mọ̀ pé ète la fi sílẹ̀ tí a ń pa làpálàpá.

Mo fẹ́ kí àwọn òǹkàwé yín fara balẹ̀ bá mi lọ níbí yìí, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wà. Iná bátìrì ọkọ̀ kò ju nǹkan bí 12 fólítì lọ, kò sì lágbára àtifo àlàfo kankan. Kọ́ìlì ló ń sọ ọ́ di 20,000 fólítì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, dísítíríbútọ̀ á wá pín in fún sílíńdà kọ̀ọ̀kan bó bá ṣe kàn án, wáyà á gbé e dé orí púlọ́ọ̀gì, iná náà á sì fo àlàfo kékeré tó wà lẹ́nu púlọ́ọ̀gì, èyí tí kì í sábà tó mìlímítà kan nínú ọkọ̀ àtijọ́, láti dáná sun epo àti afẹ́fẹ́ tí písítìn ti fún pọ̀. Bí ẹ́ńjìnnì bá ń yí ní ìgbà 3,000 láàárín ìṣẹ́jú kan, púlọ́ọ̀gì kọ̀ọ̀kan, tó ń ta iná lẹ́ẹ̀kan nínú ìyíká méjì, ní láti ta iná ní ìgbà 25 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan ṣoṣo.

Iná kì í sì í gba ọ̀nà tó le nígbà tí èyí tó rọrùn bá wà. Púlọ́ọ̀gì tuntun ní etí tó mú, àlàfo rẹ̀ kò fẹ̀, nítorí náà kò gba fólítì púpọ̀ kí iná tó fò ó, wáyà tó ti sán lára pàápàá á ṣì rí i gbé débẹ̀. Bí púlọ́ọ̀gì náà bá ti ṣiṣẹ́ díẹ̀, etí rẹ̀ á jẹ di róbótó, àlàfo á fẹ̀, fólítì tí yóò fò ó á sì lọ sókè. Iná á wá rí i pé ó rọrùn fún òun láti gba ibi tí rọ́bà wáyà ti ya bọ́ sára irin ju kí òun dé inú sílíńdà lọ. Ìgbà tí a bá tẹ ọkọ̀ láti gun òkè ló máa ń burú jù, torí pé afẹ́fẹ́ púpọ̀ ló ń wọ sílíńdà nígbà náà, ìfúnpọ̀ ibẹ̀ sì ń mú kí àlàfo náà ṣòro fún iná láti fò. Ní ti òjò, ọ̀rinrin tó bá bà lé ara wáyà ni iná fi ń ṣe afárá. Ẹ kò rí i pé gbogbo àmì tí ọkọ̀ mi ń fún wa ló ń tọ́ka sí ibì kan náà, tí a kò kàn wò ó?

Àgbà mẹkáníìkì kan tó ti fẹ̀yìn tì ló là mí lójú. Kò mú sípánà kankan dání. Ó ní kí n dúró kí ilẹ̀ ṣú, kí n pa gbogbo iná tó wà nítòsí, kí n ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, kí n sì tan ẹ́ńjìnnì. A dúró nínú òkùnkùn, ojú wa ń mọ́ ọn lára díẹ̀díẹ̀. Lẹ́yìn náà ni mo rí i: fọ́nrán iná aláwọ̀ búlúù kan, tẹ́ẹ́rẹ́ bí òwú, ń fò láti ara wáyà kẹta bọ́ sára irin ẹsọ́ọ̀sì tó wà lábẹ́ rẹ̀, ó ń dún ta-ta-ta, gbogbo ìgbà tó bá sì ti fò ni ẹ́ńjìnnì ń gbọ̀n. “Ẹ wò ó,” ni bàbá náà wí, “iná yín ń jò.” Ó wá mú ike omi tí wọ́n fi ń fín òdòdó, ó fín ìrì díẹ̀ sórí àwọn wáyà yòókù láti ọ̀nà jíjìn, àwọn méjì mìíràn náà sì bẹ̀rẹ̀ sí í mọ́lẹ̀ lára bí ẹyinná tí ń kú lọ. Ẹni tó bá fẹ́ dán èyí wò, kó má ṣe fọwọ́ kan wáyà kankan nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá ń ṣiṣẹ́. Iná yẹn lè gbé èèyàn ṣánlẹ̀, ó sì léwu gidigidi fún ẹni tí wọ́n fi ẹ̀rọ tó ń mú ọkàn lù sí lára.

Ọ̀pọ̀ èèyàn, títí kan àwọn mẹkáníìkì, ló rò pé bàbà ló wà nínú wáyà púlọ́ọ̀gì bíi ti wáyà yòókù. Nínú ọ̀pọ̀ jù lọ, kì í ṣe bàbà. Fọ́nrán tí wọ́n fi kábọ́ọ̀nù rẹ́ ló wà níbẹ̀, wọ́n sì mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é kó máa dènà iná díẹ̀ ni, kí rédíò má baà máa pariwo. Ìdí nìyí tí wáyà fi lè dán lóde kó sì ti já nínú, pàápàá bí ẹnìkan bá ti fi ipá fà á rí. Mítà tó ń ka óòmù, ìyẹn ìwọ̀n bí nǹkan ṣe ń dènà iná sí, ni yóò sọ òtítọ́: ẹ yọ wáyà, ẹ fi ẹnu mítà kan orí rẹ̀ méjèèjì. Ẹgbẹ̀rún óòmù mélòó kan ló sábà máa ń jẹ́, èyí tó gùn jù á sì ga ju èyí tó kúrú lọ. Èyí tí mítà kò bá ka nǹkan kan lórí rẹ̀, tàbí tó bá ga fíofío ju àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tó gùn bákan náà lọ, ti kú. Síbẹ̀, mítà kò rí ihò ara rọ́bà, òkùnkùn ló ń fi ìyẹn hàn. Àṣà kan tún wà tí n kò lè ṣe kí n má bá wí, ìyẹn ni kí a gé wáyà bàbà lásán kí a fi rọ́pò èyí tó já. Ọkọ̀ lè gbéra lóòótọ́, ṣùgbọ́n rédíò á máa han, ọkọ̀ tó bá sì ní kọ̀ǹpútà lè máa ṣe wérewère láìsí ẹni tó mọ ohun tó ń ṣe é.

Nígbà tí mo ra wáyà tuntun, odindi ìdì kan ni mo rà, mo sì fọwọ́ ara mi pààrọ̀ wọn pẹ̀lú púlọ́ọ̀gì lọ́jọ́ kan náà. Mo jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì tutù dáadáa, nítorí bí hẹ́ẹ̀dì bá jẹ́ álúmíníọ́mù, ẹni tó bá tú púlọ́ọ̀gì níbi tó ti gbóná lè fa tẹ́rẹ́ẹ̀dì hẹ́ẹ̀dì náà jáde, ìyẹn ìlà tí púlọ́ọ̀gì fi ń yí wọlé. Mo fẹ́ afẹ́fẹ́ sí ẹ̀gbẹ́ púlọ́ọ̀gì kọ̀ọ̀kan kí iyanrìn má baà já sínú sílíńdà. Rọ́bà orí wáyà ni mo dì mú, mo lọ́ ọ díẹ̀ kó lè tú, n kò fa ara wáyà rárá. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ni mo sì ń pààrọ̀: mo yọ èyí tó ti gbó, mo fi èyí tuntun tó gùn bákan náà sípò rẹ̀ kí n tó kan òmíràn. Ẹ́ńjìnnì onísílíńdà mẹ́rin sábà máa ń tẹ̀ lé ètò 1, 3, 4, 2, ẹni tó bá sì yọ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lẹ́ẹ̀kan tí kò fi àmì sí wọn á wà níbẹ̀ di alẹ́. Ìka ọwọ́ ni mo fi yí púlọ́ọ̀gì wọlé títí tó fi jókòó, ìgbà yẹn ni mo tó fi sípánà kàn án. Èyí tuntun tó ní wáṣà kò gbà ju ààbọ̀ ìyíká sí ìdá méjì nínú mẹ́ta lọ lẹ́yìn tó bá ti jókòó, èyí tí ìdí rẹ̀ sì rí ṣóńṣó tí kò ní wáṣà kò gbà tó ìdá kan nínú mẹ́wàá. Agbára apá kọ́ ni a fi ń ṣe é.

Ẹ̀bẹ̀ mi sí àwọn mẹkáníìkì tó ń ka ìwé ìròyìn yìí ni pé kí wọ́n yéé ju púlọ́ọ̀gì àtijọ́ nù kí ọlọ́kọ̀ tó rí i. Kí wọ́n tò wọ́n sílẹ̀ bí wọ́n ṣe tẹ̀ léra nínú ẹ́ńjìnnì, nítorí ẹnu wọn ń sọ̀rọ̀. Èyí tí tánganran ẹnu rẹ̀ bá ní àwọ̀ igi gbígbẹ tàbí eérú díẹ̀ wà lálàáfíà. Èyí tó bá dúdú tó sì gbẹ bí ẹ̀yìn ìkòkò ń jẹ epo jù, tàbí iná rẹ̀ kò tó. Èyí tó bá dúdú tó sì ń yọ̀ ń mu ọ́ìlì, kí a yẹ ríńgì písítìn àti síìlì fáfù wò. Èyí tó bá funfun gbòò tó sì ní ìléròrò ti gbóná ju bó ṣe yẹ lọ. Nínú ọkọ̀ mi, mẹ́ta ló ní àwọ̀ tó dára, ẹnu ìkẹta nìkan ló dúdú tó sì ń rùn epo. Bí wọ́n bá ti fi í hàn mí lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ọmọdé pàápàá ì bá ti béèrè pé kí ló dé tí ẹyọ kan fi yàtọ̀.

Ọ̀rọ̀ nọ́ńbà ara púlọ́ọ̀gì náà yẹ kí ẹ dá sí nígbà tí ẹ bá tún kọ̀wé lórí rẹ̀, torí pé àwọn tó ń tà á a máa sọ pé èyí tó bá ṣáà ti wọ ihò náà ti tó. Kò tó. Nọ́ńbà yẹn ló ń sọ bí púlọ́ọ̀gì ṣe ń lé ooru jáde sí, àwọn ilé iṣẹ́ kò sì kà á bákan náà: lára NGK, bí nọ́ńbà bá ṣe ga sí ni púlọ́ọ̀gì ṣe tutù sí, ìyẹn ni pé ó ń tètè lé ooru jáde, lára Bosch, òdìkejì rẹ̀ ni. Èyí tó bá tutù jù kò ní gbóná tó láti jó èérí ẹnu ara rẹ̀ dànù, iṣẹ́ tó ń bẹ̀rẹ̀ ní nǹkan bí 450 sí 500 lórí ìwọ̀n Sẹ́líṣíọ́ọ̀sì. Èyí tó bá gbóná jù lè pọ́n bí ẹyinná kó sì dáná sí epo kí àsìkò tó tó, ìyẹn sì lè lu písítìn já. Ìwé ọkọ̀ ni kí a tẹ̀ lé, fún nọ́ńbà àti fún àlàfo.

Ẹ̀yin tí ọkọ̀ yín ní kátálísítì, ìyẹn ohun tó ń fọ èéfín mọ́, lára ẹsọ́ọ̀sì, tiyín tún le díẹ̀. Epo tí sílíńdà kan kò bá jó, inú kátálísítì ni yóò ti lọ jó, yóò sì yọ́ ohun tó wà nínú rẹ̀, bẹ́ẹ̀ owó rẹ̀ kì í ṣe ẹgbẹ́ owó wáyà.

Ọkọ̀ mi ti la àìmọye òjò kọjá báyìí láìgbọ̀n. Mo ṣì fi wáyà kẹta yẹn pa mọ́, mo sì fi han mẹkáníìkì mi nígbà tó wá kí mi. Ó yí i sí ìhín, ó yí i sí ọ̀hún, kò rí nǹkan kan, àfìgbà tí mo tẹ̀ ẹ́ kọdọrọ fún un ni ihò náà tó là: kò ju orí abẹ́rẹ́ lọ, etí rẹ̀ ti jó di funfun.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Ọlọ́kọ̀ Àtijọ́ Kan