Ẹ má fi ọ̀rọ̀ Ardern dá àwa abiyamọ lẹ́jọ́

Olóòtú, ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn.

Inú ń bí mi ni mo fi kọ lẹ́tà yìí. Láti ọjọ́ 19 oṣù Kìíní ọdún 2023 tí Jacinda Ardern ti kéde pé òun ń fi ipò olórí ìjọba New Zealand sílẹ̀, kò síbi tí mo yà sí tí n kò ti gbọ́ ọ: "Ẹ ò rí i? Abiyamọ ò lè ṣe é." Nínú ọkọ̀ ni, níbi iṣẹ́ wa gan-an ni. Ohun tí obìnrin yẹn sọ ni pé agbára òun ò gbé e mọ́, lẹ́yìn ọdún 5 ó lé tó fi tukọ̀ ìlú la ìpànìyàn inú mọ́ṣáláṣí nílùú Christchurch àti àrùn kòrónà já. Àmọ́ torí ó fẹnu kan ọmọ rẹ̀ tó fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ilé-ìwé, ọ̀rọ̀ ọmọ yẹn ni gbogbo wọn dì mú.

Ta ló rántí John Key? Orílẹ̀-èdè yẹn náà ló ṣe olórí fún. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2016 ló fipò sílẹ̀, ó sì sọ ọ́ gbangba pé iṣẹ́ náà ti ni ìdílé òun lára. Ta ló wá sọ pé kí wọ́n má fi bàbá ọlọ́mọ jẹ olórí mọ́? Bó bá rẹ ọkùnrin, òun nìkan ló rẹ̀. Bó bá rẹ obìnrin, wọ́n á ní gbogbo abiyamọ ló rẹ̀.

Àwa la sì ń jìyà rẹ̀. Àbúrò mi obìnrin lọ fún ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò níbi iṣẹ́ kan lọ́sẹ̀ yìí. Ìwé ẹ̀rí rẹ̀ wà lórí tábìlì, wọn ò ṣí i. Wọ́n ní ta ni yóò máa lọ mú ọmọ rẹ̀ nílé-ìwé? Wọ́n ní ṣé kò ní ṣe bíi ti obìnrin New Zealand yẹn? Ọkùnrin tó wọlé ṣáájú rẹ̀, ọlọ́mọ mẹ́ta, ní ẹnikẹ́ni ò bi òun léèrè ọmọ.

Àwọn ọ̀gá wa mọ ohun tó yẹ ní ṣíṣe, wọn ò kàn fẹ́ ṣe é ni. Láti 2014 ni ìjọba Èkó ti fọwọ́ sí ìsinmi ìbímọ oṣù 6 fún òṣìṣẹ́ rẹ̀. Ó dára, àmọ́ lẹ́yìn oṣù 6 ńkọ́? Kí wọ́n ya yàrá kan sọ́tọ̀ ní gbogbo sẹkitéríátì fún ọmọ òṣìṣẹ́: ẹní, omi, iná, àti obìnrin méjì tó mọ ọmọ tọ́jú. Kí wọ́n ṣí i kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀, kí wọ́n má sì tì í títí òṣìṣẹ́ tó kẹ́yìn yóò fi gbé ọmọ rẹ̀. Kí bàbá náà máa gbé ọmọ wá. Ẹni tó ń rówó pààrọ̀ àga ọ́fíìsì rẹ̀ lọ́dọọdún ò gbọdọ̀ sọ fún wa pé kò sówó ẹní.

Kí wọ́n sì fòfin de ìbéèrè ọmọ níbi tí wọ́n ti ń gbani síṣẹ́. Bí wọn ò bá lè ṣe ìyẹn, kí wọ́n máa bi àwọn bàbá náà.

Abiyamọ tó ń ṣiṣẹ́ ìjọba,
Ìbàdàn.