Ítálì lọ́jọ́ mẹ́sàn-án: ẹ mú ìlú méjì, ẹ fi ìyókù sílẹ̀

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ kú làálàá. Mo ka lẹ́tà arábìnrin tó kọ̀wé sí yín lọ́sẹ̀ méjì sẹ́yìn, tó ní òun àti ọkọ òun gba lífù ọjọ́ mẹ́sàn-án, wọ́n fẹ́ lọ Ítálì fún ìgbà àkọ́kọ́, wọ́n sì ti to ìlú mẹ́fà kalẹ̀, Róòmù, Florence, Pisa, Venice, Milan àti Naples, ó ní káwa òǹkàwé gba òun nímọ̀ràn. Mo ti fẹ́ dákẹ́, ṣùgbọ́n oorun ò kùn mí lálẹ́ ọjọ́ yẹn, torí ìlú mẹ́fà yẹn gan-an lèmi àti bàbá Tóbi tò kalẹ̀ lọ́dún méjì sẹ́yìn, ọjọ́ mẹ́sàn-án náà sì ni tiwa, ohun tójú wa rí kì í ṣe kékeré. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi sọ fún un kó tó sanwó fún ẹnikẹ́ni: ìlú méjì ni kó mú.

Tísà ni mí níbí l'Ógbómọ̀ṣọ́, iṣẹ́ ọnà ni mò ń kọ́ àwọn ọmọ, tísà náà ni bàbá Tóbi. Kò sówó rẹpẹtẹ nílé wa, ọdún mẹ́rin la fi dá àjọ kówó ìrìnàjò yẹn tó pé, ìdí ẹ̀ nìyẹn tá a fi ń rò ó pé tá a bá ti débẹ̀ ká yáa rí gbogbo ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ta ló mọ̀gbà tá a tún máa rówó lọ. Ohun tó tàn wá nìyẹn. Ẹni tó bá wa ṣètò ìrìnàjò náà ò bá wa ka ọjọ́, orúkọ ìlú ló ń kà fún wa, àwa náà sì ń gbádùn bó ṣe ń kà á.

Ẹ jẹ́ ká wá ka ọjọ́ yẹn pa pọ̀. Ìdájí ọjọ́ Ẹtì la kúrò nílé, a gba Ọ̀yọ́, a gba Ìbàdàn dé Èkó, ọkọ̀ òfurufú alẹ́ la wọ̀, a sọ̀ nílẹ̀ ibòmíì ká tó wọ òmíràn, ọ̀sán Sátidé la dé Róòmù. Ìlà àwọn tó ń wo pásípọ́ọ̀tù, ìlà báàgì, lẹ́yìn ìyẹn ọkọ̀ ojú irin láti pápákọ̀ òfurufú Fiumicino wọ àárín ìlú, Leonardo Express ni wọ́n ń pè é, ìṣẹ́jú 32 ni, Yúrò 14 lórí ẹnì kan, ìgbà tá a fi máa wọ yàrá òtẹ́ẹ̀lì ilẹ̀ ti ń ṣú, ẹsẹ̀ bàbá Tóbi ti wú. Ọjọ́ méjì ti lọ nìyẹn o, a ò tíì rí nǹkan kan. Ọjọ́ kẹsàn-án, ọkọ̀ òfurufú tún ni. Ọjọ́ mẹ́fà péré ló kù fún ìlú mẹ́fà.

Ọkọ̀ ojú irin wọn yára, mi ò ní purọ́. Róòmù sí Florence ò ju bíi wákàtí kan ààbọ̀ lọ, Florence sí Venice wákàtí méjì àti díẹ̀, Róòmù sí Naples wákàtí kan àti ìṣẹ́jú díẹ̀, ìdí nìyẹn tó fi máa ń rọrùn tẹ́ ẹ bá ń tò ó sórí ìwé. Ohun tí ìwé yẹn kì í sọ ni pé ẹ máa di ẹrù láàárọ̀, ẹ máa dá kọ́kọ́rọ́ òtẹ́ẹ̀lì padà ní bíi aago mẹ́wàá tàbí mọ́kànlá, ẹ máa wọ́ báàgì lọ sí ibùdókọ̀, ẹ bá tún dé ìlú kejì, òtẹ́ẹ̀lì ibẹ̀ lè má fún yín ní yàrá títí aago méjì tàbí mẹ́ta ọ̀sán, ẹ̀yin àti báàgì yín lẹ máa jọ jókòó. Gbogbo ìgbà téèyàn bá pààrọ̀ ìlú, ìdajì ọjọ́ ló ń bá a lọ. Àwa pààrọ̀ ẹ̀ lẹ́ẹ̀marùn-ún.

Sọ́ńdè la fi bẹ̀rẹ̀ ní Róòmù. A dé iwájú Colosseum, ilé eré ńlá ayé àtijọ́ yẹn tí wọ́n ṣí lọ́dún 80 lẹ́yìn ìbí Olúwa wa, wọ́n ní tíkẹ́ẹ̀tì ọjọ́ yẹn ti tán. Ìta la ti wò ó. A ní ká lọ wo mùsíọ́ọ̀mù Vatican, ó tì pa, wọn kì í ṣí i ní Sọ́ńdè àfi Sọ́ńdè tó bá gbẹ̀yìn oṣù, inú ibẹ̀ ni Sistine Chapel wà, ilé àdúrà tí Michelangelo, ọ̀gá oníṣẹ́ ọnà Ítálì ayé àtijọ́, kun àjà ẹ̀ láti 1508 dé 1512. Mo gbọ́kàn lé Florence. Ọjọ́ Ajé la dé Florence, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ máa sáré lọ sí mùsíọ́ọ̀mù Accademia torí ère David, ère tí Michelangelo gbẹ́ láàárín 1501 sí 1504, tó ga ju mítà márùn-ún lọ, ère tí mo ti ń fi àwòrán ẹ̀ kọ́ ọmọ láti ọdún kejìlélógún sẹ́yìn. Wọ́n ti ilẹ̀kùn. Ọjọ́ Ajé ni wọ́n máa ń tì í. A ní ó dáa, Uffizi, mùsíọ́ọ̀mù àwòrán, ńkọ́, òun náà, ọjọ́ Ajé ni wọ́n máa ń tì í. Mo dúró síwájú ilẹ̀kùn yẹn, omijé ń bọ́ lójú mi bí ọmọdé, bàbá Tóbi fà mí lọ́wọ́ lọ sí gbàgede Piazza della Signoria, ibẹ̀ ni àdàkọ ère náà wà níta gbangba, ìyẹn ni mo rí. Ọ̀sán ọjọ́ yẹn náà la tún sáré lọ Pisa, bíi wákàtí kan ni, a ya fọ́tò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé gogoro tó tẹ̀ yẹn, ogójì ìṣẹ́jú, a sáré padà. Àárọ̀ ọjọ́ kejì, Venice ti yá. Tá a bá lo ọjọ́ mẹ́ta ní Florence, ọjọ́ Ajé kan ì bá tì kó tì, a máa rí David lọ́jọ́ kejì.

Venice ò ní mọ́tò, omi ló wà níbi tó yẹ kí títì wà. Ìlú tó rẹwà ni, kò sí irú ẹ̀, ṣùgbọ́n àtẹ̀gùn ló wà lórí afárá, báàgì tó ní táyà ò wúlò níbẹ̀, gbígbé ni, orúnkún bàbá Tóbi ò sì dáa tẹ́lẹ̀. Ọkọ̀ ojú omi tó ń kó èrò, vaporetto, Yúrò 9.50 ni tíkẹ́ẹ̀tì ẹ̀ lórí ẹnì kan nígbà tá a lọ, ìṣẹ́jú 75 ló sì fi ń ṣiṣẹ́. Ọ̀sán la dé, àárọ̀ la lọ. Mi ò lè sọ fún yín bí Venice ṣe rí lálẹ́ torí a ti sùn fọnfọn. Milan àti Naples, mi ò fẹ́ fi wọ́n gba àyè yín, ibùdókọ̀ ojú irin wọn ni mo mọ̀.

Arábìnrin mi, ohun tí ǹ bá ṣe nìyí. Ẹ sun Róòmù fún alẹ́ mẹ́rin, ẹ sun Florence fún mẹ́ta, ó tán. Tó bá jẹ́ omi ló wù yín ju ère àti àwòrán lọ, ẹ fi Venice dípò Florence, bíi wákàtí mẹ́rin ni láti Róòmù, ẹ máà sì fi kún un, ẹ fi dípò ẹ̀ ni. Kẹ́ ẹ tó ra tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ òfurufú, ẹ bèèrè bóyá ẹ lè wọlé láti Róòmù kẹ́ ẹ jáde láti ìlú kejì, nígbà míì iye ẹ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀, ó sì máa gbà yín lọ́wọ́ pé kẹ́ ẹ tún padà sí Róòmù torí bàlúù nìkan. Pisa ò le, tó bá ṣì ń wù yín ẹ lè ti Florence lọ kẹ́ ẹ sì padà lọ́sàn-án kan, láì gbé báàgì. Pompeii náà, ìlú tí eérú òkè ayọnáyèéfín Vesuvius bò mọ́lẹ̀ lọ́dún 79, ẹ lè lọ láti Róòmù gba Naples kẹ́ ẹ sì padà sùn sórí bẹ́ẹ̀dì yín, àmọ́ odindi ọjọ́ kan ló máa gbà, ẹ mọ̀ pé ọjọ́ kan nínú ọjọ́ Róòmù lẹ fi san án.

Nílé wa níbí, àwọn bàbá wa rìnrìn àjò. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ lọ Jos, wọ́n lọ Gánà títí dé Tamale, ìlú tí wọ́n bá dé wọ́n á dúró síbẹ̀ títí wọ́n á fi mọ ọjà ẹ̀, wọ́n á gbọ́ èdè ẹ̀. Bàbá tó bí mi lọ́mọ gbọ́ Haúsá bí ẹni tí wọ́n bí sí Kánò. Ìrìnàjò tèmi tí mo lọ Ítálì, mi ò lè júwe àdúgbò kan fún yín.

Ẹ wo ọjọ́ tí ibi tẹ́ ẹ fẹ́ lọ máa ń tì kẹ́ ẹ tó pín ọjọ́ yín, kẹ́ ẹ sì ra tíkẹ́ẹ̀tì Colosseum, ti Vatican àti ti David sílẹ̀ lórí íńtánẹ́ẹ̀tì kẹ́ ẹ tó kúrò nílé. Orúkọ tó wà lórí pásípọ́ọ̀tù yín ni kẹ́ ẹ fi ra ti Colosseum, wọ́n máa ń yẹ̀ ẹ́ wò. Tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ ojú irin tó ń sáré náà, tẹ́ ẹ bá tètè rà á ó máa ń dínwó gan-an. Ti ọkọ̀ ojú irin kéékèèké, tó bá jẹ́ ti bébà, ẹ̀rọ kan wà níbi tẹ́ ẹ ti máa wọkọ̀, ẹ gbọ́dọ̀ ki tíkẹ́ẹ̀tì yín bọ̀ ọ́ kó lù ú lóǹtẹ̀ kẹ́ ẹ tó wọlé. Àwa ò mọ̀, owó ìtanràn la san lọ́nà Pisa. Ṣọ́ọ̀ṣì St Peter ní tiẹ̀, ọ̀fẹ́ ni, ìlà ló kàn gùn, ẹ bo èjìká àti orúnkún. Ìró àti bùbá ni mo wọ̀ lọ, kò sẹ́ni tó dá mi dúró, ibẹ̀ sì ni mo ti rí Pietà, ère Màríà tó gbé òkú Jésù sórí itan, òun náà iṣẹ́ Michelangelo ni, ìyẹn ló tù mí nínú díẹ̀ kí n tó wọ bàlúù.

Ọ̀rọ̀ físà. Ẹ lè fi ìwé sílẹ̀ láti oṣù mẹ́fà sí ọjọ́ tẹ́ ẹ máa lọ, ó pẹ́ tán kó ku ọjọ́ 15, ṣùgbọ́n ẹ má dúró de ọjọ́ 15 yẹn láé, rírí ọjọ́ tí wọ́n máa pè yín gan-an, iṣẹ́ ni. Yúrò 90 lowó ẹ̀ fún àgbàlagbà láti oṣù kẹfà 2024, ìǹṣọ́ránsì ìrìnàjò tó tó Yúrò 30,000 ó kéré tán, pásípọ́ọ̀tù tó ṣì máa ní oṣù mẹ́ta lẹ́yìn ọjọ́ tẹ́ ẹ máa kúrò níbẹ̀, tó ní ojú ewé méjì tó ṣófo, tí ò sì tíì ju ọdún mẹ́wàá lọ. Òtẹ́ẹ̀lì tẹ́ ẹ bá búkù, ẹ mú èyí tẹ́ ẹ lè kánsù láì pàdánù owó.

Mo fẹ́ sọ nǹkan kan jẹ́jẹ́ síbí o. Tí obìnrin bá lóun ń lọ Ítálì nílẹ̀ wa, ojú táwọn èèyàn fi ń wò ó máa ń yí padà, a sì mọ̀dí ẹ̀, wọ́n ti fi irọ́ iṣẹ́ tan ọ̀pọ̀ ọmọ ọlọ́mọ lọ síbẹ̀, àwọn míì gba aṣálẹ̀, wọ́n gba orí òkun, a ò rí wọn mọ́. Ní ṣọ́ọ̀ṣì wa màmá àgbà kan pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó ní "ọmọ mi, ṣé kò sí o?" Mi ò bínú sí i. Àwọn tó ń wo ìwé físà náà, ohun tí wọ́n fẹ́ mọ̀ nìyẹn, pé ṣé ẹ máa padà. Ẹ kó lẹ́tà ibi iṣẹ́ àti ti lífù yín sílẹ̀, ìwé owó oṣù, stétímẹ́ǹtì báńkì tí kò ní àbùlà, ìwé ìgbéyàwó. Kẹ́ ẹ má jẹ́ kẹ́nì kankan bá yín yá owó sí àkáǹtì. Lójú tèmi, ètò ìlú méjì tó bá iye ọjọ́ lífù àti owó yín mu, ó jọ òtítọ́ lójú ẹni tó ń kà á ju ìlú mẹ́fà lọ.

Oṣù kẹjọ la lọ, torí ìsinmi gígùn, ooru ibẹ̀ lóṣù yẹn ò kéré, ẹ má rò pé ilẹ̀ òyìnbó ni kẹ́ ẹ kó súẹ́tà. Ọjọ́ 15 oṣù náà ọdún ni wọ́n ń ṣe, Ferragosto, ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀bù máa ń tì. Tí iṣẹ́ yín bá gbà yín láyè, oṣù kẹrin tàbí ìkarùn-ún, tàbí ìkẹsàn-án sí ìkẹwàá, ó dáa jù. Tẹ́ ẹ bá lọ́mọ níbẹ̀ tẹ́ ẹ fẹ́ gbé nǹkan fún, ẹ má gbé ẹran, ẹ má gbé wàrà, máńgòrò wa náà ò ṣeé kó wọlé bẹ́ẹ̀, wọ́n máa gbà á dànù. Omi ọ̀fẹ́ tó dáa ń ṣàn lójú títì Róòmù, ẹ mú ike dání. Ẹ dúró mu kọfí yín, tẹ́ ẹ bá jókòó owó ẹ̀ lè lé. Òtẹ́ẹ̀lì máa gba owó orí díẹ̀ lọ́wọ́ yín lálaalẹ́ fún ìjọba ìlú, kì í sábà sí nínú owó tẹ́ ẹ ti san. Jáguda wà ní Termini, ibùdókọ̀ ojú irin ńlá Róòmù, àti nínú bọ́ọ̀sì, báàgì iwájú àyà ni.

Olóòtú, ẹ jọ̀ọ́ ẹ tẹ lẹ́tà yìí kí arábìnrin yẹn tó sanwó, tẹ́ ẹ bá ní nọ́ńbà ẹ̀ ẹ tiẹ̀ pè é. Àwa náà ti tún bẹ̀rẹ̀ àjọ. Florence nìkan la ń lọ lọ́tẹ̀ yìí, ọjọ́ márùn-ún, a sì ti wo kàlẹ́ńdà: ọjọ́ Ìṣẹ́gun la máa débẹ̀.

Èmi ni,
Màmá Tóbi,
Tákíé, Ògbómọ̀ṣọ́.